Òógùn Abẹ́ Ìyẹ́: Ǹjẹ́ A Lè Mọ Ìgbàgbọ́ Olórí Ìjọ?

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sí kíláàsì Yorùbá rí, a sì sábà máa ń pa á nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ń jìyà láìfọhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni òwe náà ń sọ ju ọ̀rọ̀ ìyà lọ. Ohun kan wà níbẹ̀, ó dájú pé ó wà, ojú wa ni kò tó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rí lára ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọ, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀ jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Iṣẹ́ kan tí mo yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó bí ìbéèrè yìí. Mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Mo ní kí olúkúlùkù àwọn ọmọ kíláàsì náà lọ bá olórí ìjọ kan ní àdúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe fadá, ìbáà ṣe àlùfáà Áńgílíkà, ìbáà ṣe wòlíì tàbí katikíìsì, kí ó kí i bí ó ti yẹ kí ọmọ kí àgbà, kí ó jókòó tì í, kí ó sì wá kọ àròkọ lórí ìgbésí-ayé àti ìgbàgbọ́ ẹni náà. Àwọn kan lọ sí Ifọ̀n, àwọn kan lọ sí Ìdó-Àní, àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní Ọ̀wọ̀ sì lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé wọn pé sórí tábìlì mi, mo rí i pé ṣe ni wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ọdún tí wọ́n bí bàbá náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ, ọdún tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, iye ilé ìsìn tí ó kọ́, orúkọ ìyàwó àti iye ọmọ fún àwọn tí wọ́n gbéyàwó. Nígbà tí ó bá wá kan ìgbàgbọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Ìgbàgbọ́ bàbá náà ni Kátólíìkì," tàbí "Onígbàgbọ́ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n."

Ìwé kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, n kò sì fún un ní máàkì tí ó dára. Ọmọbìnrin tí ó kọ ọ́ lọ bá katikíìsì àgbàlagbà kan ní abúlé wọn. Ó kọ ọ́ pé òun kò rí ìdáhùn gbà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí òun bá ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni ẹnìkan máa ń wọlé: obìnrin kan tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jà sí ààlà oko, ọkùnrin kan tí ó wá yá kẹ̀kẹ́. Bàbá náà a sì dìde, a ní kí ó dúró de òun, títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà pé, "O kò dáhùn ìbéèrè." Máàkì mẹ́sàn-án nínú ogún ni mo fún un.

Kí n tó dá àwọn tí ó kù lẹ́bi, ó yẹ kí n dá èdè lẹ́bi díẹ̀, kí n sì dá ara mi lẹ́bi púpọ̀. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ẹ̀sìn Krístì àti ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó ń ṣe é. Láti ìgbà tí ẹ̀sìn náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni "àwọn onígbàgbọ́" ti di orúkọ àwùjọ kan, gẹ́gẹ́ bí "àwọn ìmàle" ti jẹ́ orúkọ àwùjọ mìíràn. Nítorí náà, bí a bá bi ènìyàn léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò dá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, gbígbà wà nínú rẹ̀, gbígbọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ kíyè sí i pé gbígbà ni ó ṣáájú, gbígbọ́ ni ó tẹ̀lé e, bí ẹni pé ènìyàn ní láti kọ́kọ́ gba nǹkan náà sọ́wọ́ kí ó tó lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. A tún ní ìgbọ́kànlé, tí í ṣe gbígbé ọkàn lé nǹkan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí n kọ sójú pátákó ni pé: kí ni ẹni yìí gbé ọkàn lé, báwo ni o sì ṣe mọ̀? N kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ "ìgbàgbọ́", wọ́n sì fún mi ní orúkọ ìjọ.

Ọ̀wọ̀ ní ìtàn kan tí ó fi hàn pé a lè mọ gbogbo ohun tí ó hàn sójú nípa ẹni tí a jọ ń gbé, kí á má sì mọ ẹni náà. Ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹn, aya Olówó Rẹ́rẹ́ńgẹ́ńjẹ́n, ni mo ń wí. Ọba mọ èèwọ̀ rẹ̀: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, ẹni tí ó ti oko bọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọba lè ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka. Ọjọ́ tí àwọn orogún rú èèwọ̀ wọ̀nyí ni ó tó yé ààfin pé ẹni tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n rò. Ó lọ, kò sì padà mọ́. Ọdún Ìgógo ni Ọ̀wọ̀ fi ń rántí rẹ̀, nígbà tí ìlù kì í dún ní ìlú, tí Olówó sì ń di irun bí obìnrin. Àwọn àròkọ tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi dà bí kíka èèwọ̀ Ọ̀rọ̀nṣẹn lórí ìka.

Ní Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni ohun tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ti ṣẹlẹ̀, ó sì nira fún mi láti kọ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ìjọ péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Xavier Mímọ́. Mísà ti ń parí lọ nígbà tí àwọn apànìyàn dé pẹ̀lú ìbọn àti àdó olóró. Àwọn tí wọ́n pa kò dín ní ogójì, tọmọdé tàgbà. Àwọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́ kún ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ àti ilé ìwòsàn Louis Mímọ́ tí ó wà nínú ìlú, àwọn dókítà sì ké sí ará ìlú pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe pé agbègbè wa kò mọ ẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń sá fún ọ̀nà bí ọjọ́ bá ti rọ̀. Ta ni ó wá lè rò ó pé inú ilé ìsìn, ní ọ̀sán gangan, ni wọn yóò ti ká ènìyàn mọ́?

Fadá Andrew Adéníyì Abáyọ̀mí ni ó ṣe Mísà ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn oníròyìn bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ó ní òun kò lè sá, nítorí pé àwọn ọmọdé ti yí òun ká, àwọn kan rọ̀ mọ́ òun, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti wọ abẹ́ aṣọ ìsìn tí òun gbé wọ̀. Ó ní bí adìẹ ti ń bo ọmọ rẹ̀ ni òun ṣe bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ òun ni kò jẹ́ kí òun sá. Kò pe ara rẹ̀ ní akọni. Àwọn ọmọdé ni ó dárúkọ, àti adìẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá lọ bá a pé kí ó sọ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, tí ó sì gba irú èsì yìí, ó ṣeé ṣe kí n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé kò dáhùn ìbéèrè.

Mo sọ ìtàn yìí fún kíláàsì, mo sì fi ìdánilójú parí rẹ̀ pé, "Ohun tí à ń pè ní ìgbàgbọ́ nìyẹn." Ọmọkùnrin kan na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí fadá bá sá ńkọ́? Ṣé a ó ní kò ní ìgbàgbọ́ ni?" Kí n tó fọhùn, òmíràn ti sọ láti ẹ̀yìn pé adìẹ náà ń bo ọmọ rẹ̀, adìẹ kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà, ohun tí mo sì ń kọ yìí ni ìgbìyànjú mi láti dá àwọn ọmọ méjèèjì lóhùn.

Ti àkọ́kọ́ ni ó le jù. Àwọn tí wọ́n sá ní ọjọ́ náà kò ṣe ohun tí ó burú. Ẹni tí ó bá rí ikú tí kò yà fún un, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni kò mọ iyì rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé Pétérù tí ó sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní òru ọjọ́ kan ni a tún fi agbo lé lọ́wọ́. Nítorí náà ọjọ́ kan kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Bí kò bá sì tó láti fi dáni lẹ́bi, ó dà bí ẹni pé kò yẹ kí ó tó láti fi yinni. Ibi tí kókó náà wà nìyí, mo sì ti gbìyànjú láti tú u ní ọ̀nà kan. Ẹ̀rù jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Bí ẹnìkan bá sá nítorí ẹ̀rù, kò tíì sọ ohun kan pàtó fún wa nípa ara rẹ̀, àfi pé ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà tí kò sì sá, ohun mìíràn wà tí ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì tọ́ kí a béèrè pé kí ni. Èmi kò gbà pé a gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kò ní gbà pẹ̀lú mi níbí.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni ó wá kù. Ọmọ tí ó sọ ọ́ fi ṣe àwàdà ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Olùkọ́ tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn kankan lè bo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é. Ìyá onímàle lè fi ara rẹ̀ ṣe asà fún ọmọ onígbàgbọ́. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, àwọn tí wọ́n sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwà lẹ̀sìn yóò ní kí a dúró síbẹ̀, kí a má wulẹ̀ wá ìgbàgbọ́ kiri mọ́. Èmi kò lè dúró síbẹ̀. Nígbà tí àṣá bá ti lọ, adìẹ a gbọn ìyẹ́ rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Ènìyàn kì í gbàgbé. Ohun tí ọwọ́ ṣe ní ìṣẹ́jú kan lè jẹ́ ti ara nìkan. Ohun tí ènìyàn tún padà wá ṣe lẹ́yìn tí ó ti mọ ohun tí ó lè gbà lọ́wọ́ òun, ọkàn ni ó fi ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ nǹkan díẹ̀ nípa ìgbàgbọ́ àwọn olórí ìjọ yìí, èmi yóò ní kí ó fi ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wo àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n to pósí sílẹ̀ níwájú ìjọ àti àwọn ìjòyè ìjọba. Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, wà nínú àwọn tí wọ́n ṣọ̀fọ̀. Òun náà ti di olóògbé ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Àwọn tí wọ́n gbọgbẹ́ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ ẹni tí yóò wá jókòó tì wọ́n. Iṣẹ́ tí kì í jáde nínú ìwé ìròyìn nìyẹn, kò sì sí ọdún tàbí oyè tí a lè fi kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí-ayé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó di Àjíǹde ọdún 2023, lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà padà. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọn yóò tún gbà wọlé, orí ilẹ̀ yẹn ni wọn yóò tún kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀rù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ ohun àìròtẹ́lẹ̀ fún wọn mọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ orúkọ àwọn tí ó mú lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé ìbínú ńkọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Jude Arógundádé, tí ó jẹ́ olórí ìjọ Kátólíìkì ti ẹkùn Oǹdó ní àkókò náà, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Michael Higgins, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Ireland nígbà náà, fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, tí ó sì mẹ́nu ba ìyípadà ojú ọjọ́ nínú rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù náà sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ mu rárá. (Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú díẹ̀, n kò ní purọ́. Ará Ireland ni Bíṣọ́ọ̀bù William Field tí ó di olórí ẹkùn yìí ní ọdún 1958. Àwọn tí wọ́n mú ìhìn náà tọ̀ wá wá ni ọmọ ẹni tí ó gbà á ń tọ́ sọ́nà nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.) Àwọn kan gbà pé ẹni Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pa ọmọ ìjọ rẹ̀ tí kò bínú, kí ni ó fẹ́ràn nínú wọn? Ìbínú tí kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mìíràn pe ikú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ jó rẹ̀yìn. Lójú tèmi, ó súnmọ́ ìgbàgbọ́ ju ìrọ̀rùn ọ̀rọ̀ lọ.

Kí ẹ má sì rò pé ìbọn nìkan ni ó ń dán olórí ìjọ wò. Ẹ jẹ́ kí a rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Gbogbo ọmọ tí ó ń múra ìdánwò ni ó lè ka ìtàn rẹ̀: ọmọ Òsogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó túmọ̀ Bíbélì. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà ni oṣù kẹjọ ọdún 1890 ní Onitsha, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere jókòó níwájú rẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, tí àṣẹ rẹ̀ kò sì ju ti àga tí ó jókòó lé lọ. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kò fi ìjọ náà sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ìdánwò rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ̀gàn ni. Ohun tí ó bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ ní òru lẹ́yìn ìpàdé yẹn, kò sí ìwé ìtàn tí ó lè sọ fún wa. Ìyẹ́ bò ó.

Lóde òní, bí ènìyàn bá wọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, yóò rí àwòrán àwọn olórí ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò ọkọ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo kàn ń ronú pé bí a bá fẹ́ ìyẹ́, ìyẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè, mo tún mú ìwé ọmọbìnrin tí ó lọ bá katikíìsì, mo sì kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ti kọ ọ́ pé bàbá náà bá obìnrin tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná dé ojú títì láti wá ọ̀kadà, pé ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ó kọ ọ́ pé ó mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń jà jókòó sórí bẹ́ńṣì kan ṣoṣo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dìde títí wọ́n fi mu omi nínú ife kan. Ó kọ ọ́ pé ó yá ọkùnrin yẹn ní kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ni yóò gùn lọ ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ kejì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun kò sì mọ bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Níwájú gbólóhùn yìí gan-an ni mo ti fi yíǹkì pupa fa ìlà.

Mo fagi lé ohun tí mo kọ. Máàkì náà kò rọrùn láti yí padà, nítorí pé ó ti wọ ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, mo sì ní láti kọ lẹ́tà sí igbákejì ọ̀gá àgbà, ẹni tí kò rí ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú. Nígbà tí mo pe ọmọ náà, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé n ó tún bá a wí ni. Ó béèrè bóyá kí òun padà lọ bá bàbá katikíìsì kí wọ́n lè dáhùn ìbéèrè tí ó kù. Mo ní kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó má mú ìwé àti bírò dání. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo ní kí ó mú ìgbálẹ̀ lọ.